Kíka Èémí Bánidélé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ooru òní kì í ṣe ẹgbẹ́ ooru. Fáànù yàrá àlejò ilé ìwòsàn ẹranko wa ti dákẹ́ láti àná, gbogbo ajá tó wà níbẹ̀ ló yọ ahọ́n sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tà á.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni bàbá kan gbé ajá wọlé. Ẹ̀wù òtútù ara rẹ̀ ló fi wé e, nínú irú ooru yìí. Abo ni ajá náà, ó kéré, ó funfun, etí rẹ̀ nìkan ló pupa rúsúrúsú, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kò lè dùbúlẹ̀. Ó na ọrùn síwájú, ó ń wá afẹ́fẹ́ kiri. Mo ka èémí rẹ̀: méjìdínlọ́gọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Dókítà gbé ohun tí a fi ń gbọ́ ọkàn lé e láyà, ó ní kí èmi náà wá gbọ́. Ó ń dún ṣúà-ṣúà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣan aṣọ nínú bàsíà. Ìlẹ̀kùn kan nínú ọkàn náà ti gbó, kò pa dé mọ́, omi sì ti kún inú fùkù dé ìdajì. Fọ́tò àyà fi í hàn kedere. Fọ́tò yẹn náà ni ẹ̀rọ wa yà kẹ́yìn. Bó ṣe yà á tán ló rú èéfín, ó kú. Wọ́n ní ó di ìparí oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe.

"Orúkọ ńkọ́?" ni mo bi bàbá.

"Bánidélé."

"Orúkọ ajá ni mo ń béèrè, Bàbá."

"Òun náà ni. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ, òun ló ń sìn mí délé láti ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń kọ́kọ́ wọlé. Bí kò bá wọlé, èmi náà ò ní wọlé."

Iṣẹ́ aago títúnṣe ni bàbá ń ṣe. Kó tó dọ̀sán, Bàbá Aago ni gbogbo wa ń pè é.

A gbé ajá sínú àpótí afẹ́fẹ́. Kí bàbá tó lọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Ajá tí èémí kọ̀ọ̀kan ń gba gbogbo agbára tó ní lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí ọrùn, ó sì lá gíláàsì náà níbi tí ọwọ́ wà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí. Orí mi ṣì wú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Bánidélé ti lè dùbúlẹ̀. Ó sùn, mo sì ka mẹ́rìndínlógójì. Dókítà ní kó máa lọ sílé, nítorí ẹ̀rù ibí ń bà á ju àìsàn lọ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló ń kọ oògùn. Èmi ni mò ń bá àwọn tó ni ajá ru ohun tí oògùn bá gbé dé. Mo jókòó ti bàbá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Oògùn omi yìí, ìdajì hóró láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́, máa fa omi kúrò ní fùkù. Nítorí náà ajá á tọ̀, á tún tọ̀, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Ẹ má gba omi lẹ́nu rẹ̀ láéláé. Bó bá sùn fọnfọn, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá tó ọgbọ̀n, ẹ dúpẹ́. Bó bá ju ọgbọ̀n lọ, ẹ pè mí.

"Kí la máa wò gan-an?" ni ọmọ rẹ̀ bèèrè.

"Àyà rẹ̀. Bó ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀."

Àṣà mi ni pé kí wọ́n kà á lójú mi kí wọ́n tó lọ. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo nà án sí bàbá. Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń tún aago ṣe. Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi ní ìṣẹ́jú kan?" Ojú tì mí. Mo fi aago mi sápò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ Bàbá Aago pè mí kí n tó fọ ẹnu.

"Àǹtí, ẹ gbà mí o. Ajá yìí ti tọ̀ sí aṣọ oníbàárà mi. Aṣọ ìgbéyàwó! Mi ò mọ̀ pé ohun tí kò tóbi ju bàtà lọ lè gbé odò sínú."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo ní kó kó gbogbo aṣọ sókè, kó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kó sì máa mú un jáde ní wákàtí méjì méjì. Ó ní ṣé òun ò kúkú lè gbé abọ́ omi kúrò bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Mo ní rárá. Omi tí oògùn ń fà jáde, ẹnu ló gbọ́dọ̀ gbà padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kíndìnrín ló máa jìyà rẹ̀.

Bàbá gba fóònù. "Méjìdínláàádọ́ta," ló wí, pẹ̀lẹ́.

Dókítà mi orí. Mẹ́rìndínlógójì níbí, méjìdínláàádọ́ta nílé: omi ti ń padà. Ó sọ oògùn di odidi hóró kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Bánidélé: 48, 46, 48. Oògùn omi tún ti wọ́n sí i. Síbẹ̀ bàbá rà á.

Awakọ̀ tí ajá rẹ̀ ń gba oògùn jẹjẹrẹ sáré wọlé bá mi. Oògùn tí a fi kún un ń mú ebi pa ajá náà bí ẹni tí kò jẹun láti èṣí. Ó ti jẹ odidi ọṣẹ ìfọṣọ kan tán, ẹnu rẹ̀ wá ń hó káàkiri pálọ̀. "Nọ́ọ̀sì, mo rò pé ó ti di dìgbòlugi. Ìyàwó mi ṣì wà lórí àga báyìí, kò tíì sọ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo wá tọrọ àforíjì. A yẹ ajá náà wò, kò sí ohun tó ṣe é. Mo ní kó pín oúnjẹ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin lóòjọ́, kó sì ti ọṣẹ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nílé. Ó ní òun náà fẹ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀, bóyá mo máa ráyè se oúnjẹ fún òun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n gbé Bánidélé wá fún àyẹ̀wò. Bó ti gbóòórùn ibí ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ láti ẹnu ọ̀nà, kò ṣeé kà rárá. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ pẹ́ títí. Ó yọ nǹkan náà létí, ó tún fi í sí i.

"Àǹtí, ohun tí etí mi ń gbọ́ ò jọ ohun tí wọ́n ń kà nílé. Fùkù yìí ń dún bí èyí tó mọ́."

"Ẹ ò ṣe jẹ́ ká tún ya fọ́tò?"

"Kí la fẹ́ fi yà á?"

Ìgbà náà ni Bàbá ṣí ìwé rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Rúlà ló fi fa ìlà rẹ̀. Ọjọ́ wà níbẹ̀, wákàtí wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ajá fi lélẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, kò fo ẹyọ kan. Ìkọ̀wé rẹ̀ kéré, ó gún, kò sí ibi tó ti pa nǹkan rẹ́. Láti òkè dé ìsàlẹ̀: 46, 48, 44, 50, 46.

Mo di ìwé yẹn mú, mi ò fẹ́ dá a padà. Mo ti rí àwọn tó fẹ́ràn ajá wọn. Mi ò tíì rí ìfẹ́ tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí.

"Ẹni tó kọ èyí ò lè ṣì í kà," ni Dókítà wí.

"Ká má tilẹ̀ dá a lábàá," ni èmi fi dá a lóhùn.

Hóró kan àti ààbọ̀ ní báyìí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. A gba ẹ̀jẹ̀ láti fi wo kíndìnrín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé, kò dára. Kíndìnrín ti ń jìyà oògùn.

Bánidélé ò jẹun láti àná. Mo kọ́ wọn lórí fóònù: ẹ mú oúnjẹ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òórùn rẹ̀ lè jáde, ẹ má gbé abọ́ tì í nímú, ẹ jẹ́ kó lá a lọ́wọ́ yín. Bàbá ní ọmọ òun ti na gbalaja sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì láti aago méje, ó ń fi ìka kan fún un ní omi ẹran. Ẹni tó ń pariwo aṣọ ìgbéyàwó níjọ́sí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá lẹ́yìn iṣẹ́. Yàrá kan péré ni. Aago ògiri mẹ́tàlá ló wà lára ògiri, ohùn wọn ò sì ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ díẹ̀ etí á gbà á. Wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ká kí àwọn irin wẹ́wẹ́ inú aago má baà yí bọ́. Abẹ́ tábìlì yẹn ni Bánidélé ń sùn sí, lórí ẹ̀wù òtútù ọjọ́sí. Kò sùn ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀. Àlejò wà nílẹ̀, ó gbà pé òun ni onílé. Egungun ìhà rẹ̀ ti yọ. Mo fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, kò tètè padà sílẹ̀: ara rẹ̀ ti gbẹ.

Nígbà tí bàbá mú kọ́kọ́rọ́, ajá gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó dìde, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n. Ó bọ́ síwájú, àwa náà tẹ̀ lé e. Ó rìn dé òpó iná kejì, ó jókòó. Bàbá gbé e mọ́ra, ó sì gbé e kọjá òpópónà méjì. Nígbà tó ku bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá ká dé ẹnu ọ̀nà, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í jà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjá sínú ilé, ó yí padà, ó dúró. Ìgbà náà ni bàbá tó wọlé.

Mo dúró síta. Kì í ṣe ìgbọ́ràn lèyí, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Mo kàn dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi sì wà lẹ́yìn bí ìgbà tí mo wà nílé ìwé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kíndìnrín ti burú sí i. Èémí ò kúrò níbi tó wà: 46, 48.

Dókítà pa ìlẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó. Bí a bá dín oògùn omi kù, fùkù á kún, ajá á rì sínú omi ara rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kíndìnrín á kú. "Ibi tí mo bá yí sí, mo ń pa á, Àǹtí. Ó yẹ ká bá bàbá sọ̀rọ̀ kí ìyà tó pọ̀ jù." Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ìsinmi tí ajá kì í jí mọ́ ló ń sọ. Ó mọ̀ pé èmi ni mo máa lọ sọ ọ́.

Mi ò lè jẹun nílé. Ọkọ mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan lónìí, ó kàn bo abọ́ mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò àkọ́rọ̀. Kò jẹun. 46.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ ọ́. Nílé wọn, bàbá ń fi aṣọ nu awò tó fi ń wo inú aago, ó nù ún, ó tún un nù.

"Ṣé ó máa dùn ún?"

"Rárá, Bàbá. Á sùn ni. Nílé, lórí ẹ̀wù yín."

"Ó di Àbámẹ́ta. Kó sìn mí délé lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá ti wọlé tán, kí Dókítà máa bọ̀."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún níbi ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá ò sunkún. Ó bi mí bóyá kí òun ṣì máa ka èémí títí di ọjọ́ náà. Mo ní bó bá wù yín. Ó ní, "Ìwé tí mo bẹ̀rẹ̀, màá parí ẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Alẹ́ ti lẹ́ kí n tó ráyè kọ èyí.

Aago mẹ́ta ni mo dé ṣọ́ọ̀bù. Ìṣètò wa ni pé Dókítà á bá wa nílé ní aago márùn-ún. Bánidélé ò dìde kí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Agbára àtijókòó ti àlejò ò sí mọ́. Ó ń sùn wọra lábẹ́ tábìlì. Mo mọ̀ báyìí pé oorun yẹn ló gbà á.

"Jẹ́ kí n kà á ní àkàkẹ́yìn," ni bàbá wí. Ó gbé aago sọ́wọ́, ó sì ń fi ìka kan tẹ etí tábìlì bó ṣe ń kà. Èmi náà ń kà lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ mọ nǹkan kan. Mi ò kàn mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí.

Ìṣẹ́jú pé. "Mẹ́rìndínláàádọ́ta," ló wí, ó fa gègé rẹ̀.

Tèmi jẹ́ mẹ́tàlélógún.

Mo rò pé omijé ló mú mi ṣì í. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún un kà. Ẹ kà á sókè."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ba lẹ́ẹ̀kan sí i. Àyà ajá gòkè. "Ení." Àyà ajá sọ̀. "Èjì." Ó gòkè. "Ẹ̀ta." Ó sọ̀. "Ẹ̀rin."

Mo nawọ́ dá a dúró.

"Bàbá, kí lẹ kà sí èjì?"

"Bó ṣe sọ̀ yẹn ńkọ́?" Ó nawọ́ sí aago ńlá lára ògiri, sí irin tó ń fì nínú rẹ̀. "Ó lọ, ó bọ̀. Lílọ kan, bíbọ̀ kan. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mi ò tíì ní irùngbọ̀n. Aago tó o bá ka lílọ rẹ̀ nìkan, irọ́ ló máa pa fún ọ."

"Lọ́dọ̀ tiwa, lílọ àti bíbọ̀, ẹyọ kan ni."

Aago mẹ́tàlá ń dún. Bàbá rọra gbé aago ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ṣí ìwé náà padà sí ẹ̀yìn, ojú ewé kan, ojú ewé kejì, mo sì rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, ó ń pín wọn sí méjì.

"Ọgbọ̀n lo ní kó má kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mẹ́rìnlélógún ni, láti ọjọ́ kejì tó délé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Omi ti lọ nígbà náà."

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Kí la wá ń fún un ní oògùn lé oògùn sí?"

Mo jáde síta, mo pe Dókítà. Mo ní, "Ẹ má gbé abẹ́rẹ́ yẹn wá. Ẹ gbé dírípù wá. Ẹ máa sáré bọ̀."

Ó sáré dé. Ó kà á fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 23, 22, 23. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Etí mi sọ fún mi," ló ń wí ṣáá. "Etí mi sọ fún mi."

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní ká má tíì yọ̀. Kíndìnrín tó bá ti gbẹ báyìí lè má padà mọ́. Òní, ọ̀la, ọ̀túnla ló máa sọ. Bàbá yọ aago kan kúrò lára ìṣó, ó sì fi àpò dírípù kọ́ ibẹ̀. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó yíjú sí mi.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀kán yìí, bó bá já bọ́, ẹyọ kan ni àbí méjì?"

"Ẹyọ kan, Bàbá."

"Kà á kí n rí i."

Mo kà á kó rí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mi ò sùn dáadáa. Ní òwúrọ̀ mo lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Iṣẹ́ mi ni pé kí gbogbo ẹni tó bá gbé ajá lọ sílé ka èémí lójú mi, mi ò sì fi tirẹ̀ ṣe é nítorí ó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bánidélé, kì í ṣe ọkàn rẹ̀.

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀kán omi.

"Ọmọ mi bi ọ́ pé kí la máa wò," ló wí. "Èmi ni mi ò bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà, láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sí wa létí. Ìwọ tijú, èmi gbọ́n lójú ara mi. Àwa méjèèjì la gbé e síbẹ̀. Dìde, ká jọ gbé e kúrò."

Ọmọ rẹ̀ ò dáhùn ìkíni mi. Ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Fóònù dún nígbà tí mò ń gé èékánná ajá kan.

"Àǹtí!" Ọmọ Bàbá Aago ni. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn, ó sì ń pariwo. "Àǹtí, ó ti jẹun! Ó jẹ tèmi, ó tún jẹ ti bàbá. Lẹ́yìn náà ló lọ tọ̀ sórí ṣòkòtò oníbàárà! Ó lóṣòó lé e, ó tọ̀ ọ́ tẹ́rùn!"

Mi ò gbọ́ kí wọ́n fi irú ayọ̀ yẹn ròyìn ìtọ̀ rí. Mo sunkún sórí ajá ẹni ẹlẹ́ni tí mò ń gé léèékánná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Èsì ẹ̀jẹ̀: kíndìnrín ti padà ju bí a ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n apá kan ti lọ, kò ní padà mọ́. Dókítà sọ ọ́ fún bàbá láìfi bò. Ọkàn náà ṣì ń ṣàìsàn, ìlẹ̀kùn tó gbó ò tún ara rẹ̀ ṣe. Oṣù mélòó kan, bóyá ọdún kan. Ìdajì hóró ni kó máa lò báyìí, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Aago tí mo bá tún ṣe náà ń padà kú lọ́jọ́ kan," ni bàbá wí. "Mi ò torí ẹ̀ má tún un ṣe."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Bàbá gbé ìwé rẹ̀ wá sílé mi. Ọkọ mi gbé àga fún un, ó sì dọgbọ́n jáde.

Ó ti gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá pẹ̀lú yíǹkì pupa. Kò pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló kọ ìdajì rẹ̀ sí, kékeré, gbọọrọ. 48, 24. 46, 23. 44, 22. Ojú ewé lé ojú ewé. Mo wo gbogbo oorun tí ajá yẹn sùn láti ọjọ́ keje oṣù tó kọjá, kò sí ẹyọ kan tó dé ọgbọ̀n. Bí a ṣe ń pòkìkí ikú rẹ̀, tí a ń dá ọjọ́ fún un, ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ń mí bó ṣe yẹ kó mí, láàárín gbogbo àṣìṣe wa.

"Kì í ṣe kí ojú lè tì ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́," ni bàbá wí. "Ó yẹ kí ìwé sọ òótọ́ ni."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Tíṣà ìṣirò kan gbé ajá tí àìsàn ọkàn ń ṣe wá. Mo nawọ́ aago sí i, mo ní kó kà á lójú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìṣirò ni mò ń kọ́ ọmọ!"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ kà á."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Òjò dá ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo òpópónà ń dán. Mo dé ṣọ́ọ̀bù lásìkò tí bàbá ń ti ìlẹ̀kùn. Bánidélé kí mi ṣókí, ó ní iṣẹ́ níwájú. Ó kọjá òpó iná kejì, kò jókòó. Ó jókòó díẹ̀ níbi òpó kẹrin, àwa náà dúró, bàbá ń sọ̀rọ̀ aago kan fún mi bí ẹni tí kò rí i. Ajá dìde. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi dé ilé. Ó wọlé, ó yí padà, ó wò wá. Bàbá wọlé. Mo dúró síta bí ti ọjọ́sí, ṣùgbọ́n ajá ò kúrò níbẹ̀, ojú mi ló ń wò. Bàbá ní, "Ìwọ ló ń dúró dè o." Mo wọlé.

Ọmọ rẹ̀ gbé omi tútù fún mi. Bánidélé na ara rẹ̀ sórí ẹ̀wù òtútù, oorun sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Aago ọwọ́ bàbá wà lórí tábìlì, ìwé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ka ti òní tán láàárọ̀. Àwa mẹ́ta jókòó tì í. Àyà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á nínú wa.